Ẹranko Tí Àwọn Ìyá Àgbà Ń Ṣọ́ Lóru

Táíwò, gbé ife yẹn sílẹ̀. Kẹ́hìndé, ìwọ náà. Ẹ má tíì mu ún. Màlámù, jọ̀ọ́, bá wa gbé ìkòkò ka iná yìí, da wàrà inú kẹ́ẹ̀gì náà sí i, jẹ́ kó hó dáadáa, kó ru sókè débi pé ó fẹ́ dà nù, kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu. Mo mọ̀ pé ara màlúù àbúrò rẹ ló ti wá, mo sì mọ̀ pé tútù lẹ ń mu ún láti kékeré. N kò bú màlúù, n kò bú onímàlúù. Iná ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó hó. Ẹ sún mọ́bí, ọyẹ́ ti mú. Ẹ wo Maitama lóru: jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri, iná ń tàn yòò lójú fèrèsé, síbẹ̀ ìdí èédú Màlámù, mégáàdì wa, la sá wá. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí ẹ rí i bí àwọn màlúù ṣe gba iwájú géètì kọjá. Ọkọ̀ ńláńlá dúró dè wọ́n, ẹnì kan ń tẹ họ́ọ̀nù, wọn kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Odò ayé ni wọ́n fi sọ àwọn pópó àdúgbò yìí lórúkọ: Mississippi, Danube, Nile. Màlúù wọ̀nyẹn kò mu nínú ọ̀kankan rí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí pátákò wọn kò tíì tẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́. Kẹ́hìndé, ìwọ lo gbọ́, ìwọ lo sì bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé ikọ́ máa ń ṣe màlúù ni?"

Ìbéèrè yẹn ló tú mi lẹ́nu. N kò ní pàlọ́ lálẹ́ yìí, Ìjàpá kò sí nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ohun ìyanu ni, ojú mi sì tó díẹ̀ lára rẹ̀.

Ikọ́ máa ń ṣe màlúù, ọmọ mi. Ikọ́ ife gan-an, èyí tó ń gbẹ èèyàn bí igi ìdáná. Iṣẹ́ wolé-wolé ẹran ni mo fi tọ́ bàbá yín àti àǹtí yín. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti máa ń wà ní odò ẹran, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Alápatà á là á, èmi á wá inú. Fùkù tó mọ́ a máa pupa fẹ́ẹ́rẹ́, á rọ̀ lọ́wọ́ bíi fóòmù. Ti màlúù aláìsàn kì í rí bẹ́ẹ̀. Tí o bá fọwọ́ rìn ín, wàá bá kókó lábẹ́ ìka rẹ. Tí o bá fi ọ̀bẹ là á, ọ̀bẹ á dún kẹrẹkẹrẹ bí ìgbà tó kan iyanrìn, nǹkan kan tó funfun tó tún pọ́n díẹ̀ á sì yọ jáde, bíi wàrà tó ti dì. Ìró ọ̀bẹ yẹn kò kúrò létí mi títí dòní. Ọjọ́ kan wà tí mo ní kí wọ́n da fùkù kan nù. Mo yíjú sọ́tùn-ún, mo yíjú padà, fùkù ti wọ inú bàsíà lọ. Mo bá alápatà náà jà. Ó ní, "Bàbá, tí mo bá dà á nù, ta ló máa san owó rẹ̀ fún mi?" N kò rí èsì fún un. Mo sunkún lọ sílé lọ́jọ́ náà nítorí pé mo mọ̀ pé inú ọbẹ̀ ẹnì kan ni yóò gbé sùn.

Àwọn kan wà tó rò pé ti màlúù kò kan èèyàn. Robert Koch, ará Jámánì tó kọ́kọ́ rí kòkòrò ikọ́ ife ní ọdún 1882, dìde ní London ní 1901, ó ní èyí tó ń ṣe màlúù kò tó ohun tí èèyàn ń bẹ̀rù. Ọlọ́gbọ́n ni, ó ṣì í. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, ìgbìmọ̀ náà fi ọdún mẹ́wàá wádìí, wọ́n rí i pé inú wàrà tútù ni kòkòrò náà ń gbà wọ ara àwọn ọmọdé. Nílé wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon Cadmus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn wá irú ti màlúù nínú ara èèyàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì bá a níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síwèé ní 2006. Màlámù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da iná láàmú lórí wàrà rẹ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wàyí. Ọgbà Millennium tí ẹ ti ṣeré lánàá, Ọbabìnrin Elizabeth ló wá ṣí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2003. Orílẹ̀-èdè rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀.

Ẹranko kan ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bájà. Ó tó ajá wa yìí ní ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ sì rí bí eérú. Orí rẹ̀ funfun, ìlà dúdú méjì sì gba orí ojú rẹ̀ méjèèjì láti imú dé etí, bí ẹni tí wọ́n fi èédú kọlà fún. Òru ló ń jáde. Ekòló ni oúnjẹ rẹ̀, ó sì lè jẹ igba lóru kan. Ẹ mọ òkété, ẹ mọ bó ṣe ń gbẹ́lẹ̀; ọmọ ọwọ́ ni òkété jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bájà. Ilé abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní yàrá, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ojú ọ̀nà púpọ̀. Bàbá á fi sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ fún ọmọ ọmọ. Òmíràn ti lé ní 100 ọdún tí wọ́n ti ń gbé inú rẹ̀. Kì í yàgbẹ́ sílé. Ó ní kòtò tó gbẹ́ síta fún ìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì fi ń sàmì sí ààlà ilẹ̀ ìdílé rẹ̀. Bí ibùsùn bá gbó, á kó o jáde, á wá koríko gbígbẹ tuntun, á gbá a mọ́ àyà, á máa fi ẹ̀yìn rìn wọ ihò lọ, ṣìn-ìn ṣìn-ìn, títí koríko yóò fi tán lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ ò rí i pé ẹranko onílé ni.

Ní ọdún 1971, wọ́n rí òkú bájà kan ní oko kan ní Gloucestershire. Wọ́n là á, wọ́n bá ikọ́ ife nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ní, "Ẹ wò ó! Ẹni tó ń kó ikọ́ ran màlúù wa rèé." Láti 1975, ìjọba rán àwọn èèyàn tí wọ́n ń fẹ́ èéfín olóró sínú ihò bájà. Ní 1982 wọ́n dáwọ́ dúró, torí ìwádìí fi hàn pé ikú oró ni ẹranko náà ń kú níbẹ̀. Ohun tó tún ṣòro fún èèyàn láti lóye ni pé ìjọba kan náà ti ṣòfin ní 1973 láti dáàbò bo bájà, ó sì tún un ṣe ní 1992 débi pé ẹni tó bá pa bájà tàbí tó ba ihò rẹ̀ jẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún ń kọ òfin, ọwọ́ òsì ń kọ ìwé àṣẹ ìbọn.

Ní ìparí oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Somerset, kò sì pẹ́ tó dé Gloucestershire. Mo wà ní Gloucester nígbà náà, lọ́dọ̀ àǹtí yín, mo lọ kí ọmọ tuntun. N kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin kan ń gbé ní ilé kejì sí tiwọn, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lójoojúmọ́ tí alẹ́ bá ti lẹ́, mo máa ń rí i tó wọ bàtà rọ́bà, tó wọ ẹ̀wù kan tó máa ń tàn yanran tí iná bá bà á, tó mú tọ́ọ̀ṣì, tó sì jáde nílé. Mo rò pé iṣẹ́ ọdẹ ló ń ṣe. Mo káàánú rẹ̀: ìyá arúgbó, lóru, nínú òtútù! Mo bi àǹtí yín. Ó ní, "Bàbá, bájà ni wọ́n ń lọ ṣọ́." Mo ní kó tún un sọ.

Mo bẹ ìyá náà kó mú mi dání lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó yá mi ní ẹ̀wù tó ń tàn náà, ó ká súẹ́tà sí mi lára bí ẹni ń wọ aṣọ fún ọmọdé. A di méje: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ yunifásítì kan, bírìkìlà, tọkọtaya kan, ìyá náà àti èmi. Òfin wọn le. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú nìkan ni wọ́n ń rìn, wọn kò wọ oko olóko, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Bájà tí ìbọn bá tí kò kú ni wọ́n ń wá, kí wọ́n lè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ìyá náà gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì kan dání fún un. Nǹkan kejì sì wà: níbi tí èèyàn bá ti ń rìn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ayìnbọn kò ní lè yìnbọn síbẹ̀. Nítorí náà, rírìn tí wọ́n ń rìn yẹn, ìjà ni.

Òkùnkùn ibẹ̀ kì í ṣe irú tiwa. Kò sí kòkòrò tó ń ké, kò sí jẹnẹrétọ̀. Ewé tútù ni mò ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Nígbà tó ṣe, ìyá náà fọwọ́ kàn mí láyà, ó pa tọ́ọ̀ṣì. Mo gbọ́ bájà kan kí n tó rí i: ó ń mí fíìn-fíìn bí àgbàlagbà tí ọ̀fìnkìn dí nímú. Ó yọ sábẹ́ òṣùpá, níbi tí kò ju ibí sí géètì yìí lọ. Ìlà funfun orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí, bí ìgbà tí nǹkan funfun bá ń rìn lọ láìní ara. Ó ń fi imú tú koríko, ó fa ekòló kan yọ, ó rọra fà á kó má baà já, ó jẹ ẹ́. Ó gbórí sókè, ó wo ibi tí a wà. N kò mí. Ìgbà yẹn ni ìbọn dún lókèèrè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni ti ilẹ̀kùn. Ẹranko náà sá wọlé. Ìyá náà tan tọ́ọ̀ṣì, ó wo aago rẹ̀, ó kọ wákàtí rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo bi í bí Yorùbá ṣe máa bi í. Mo ní, "Ìyá, ṣé èèwọ̀ ìdílé yín ni? Ṣé ó ti gba ẹnì kan yín là rí?" Ẹ̀yin ìbejì mọ ìdí tí mo fi bi í. Nílé wa a kì í jẹ ẹran ẹdun, torí ẹ̀yin ni ẹdun. Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ẹnikẹ́ni kì í dọdẹ, ẹnikẹ́ni kì í pẹja inú odò yẹn, ohun tó wà níbẹ̀ ní olúwa. Ìyẹn yé mi. Ìyá náà ronú títí, ó ní rárá, kò gba ẹnikẹ́ni là. Ó ní, "Ó ti ń gbé ibí kí àwa tó dé ni." Kò fi kún un. A tún rìn títí di aago méjì òru.

Wọn kì í ṣe méje péré o. Brian May, ọkùnrin tó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin Queen, fi orúkọ rẹ̀ síwájú ìjà náà. Àwọn tó buwọ́ lu ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba ju 300,000 lọ. Ní oṣù Kẹwàá 2012, àwọn aṣòfin dìbò ní ilé ìgbìmọ̀: 147 ní kí wọ́n má pa á, 28 ní kí wọ́n pa á. Ìbò yẹn kò de ìjọba lọ́wọ́, wọ́n pa á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n fẹ́ pa 70 nínú 100 bájà agbègbè kọ̀ọ̀kan; ní Gloucestershire wọn kò pa tó 40. Nígbà tí oníròyìn bi mínísítà Owen Paterson bó ṣe jẹ́, ó ní àwọn bájà ló ń sún òpó góòlù. Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá àdúgbò wa gan-an. Ó ní ẹranko kò mọ̀ pé ìdíje wà.

Ẹ gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu jù, èmi tí mo fi gbogbo ayé mi wá àìsàn nínú ẹran. Kí wọ́n tó kó ìbọn jáde, ìjọba wọn ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Láti 1998 sí 2005, wọ́n yan agbègbè 30. Níbì kan wọ́n ń pa bájà lọ́dọọdún, níbì kan wọ́n ń pa wọ́n kìkì ibi tí màlúù bá ti ṣàìsàn, níbì kẹta wọn kò fọwọ́ kan ohunkóhun. Bájà tó kú sí i tó 11,000. Ní 2003 wọ́n sáré dá ìpa kejì dúró, torí ikọ́ màlúù ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní 2007 ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí John Bourne ṣe alága rẹ̀ jíṣẹ́ fún ìjọba: níbi tí wọ́n ti ń pa á lọ́dọọdún, ikọ́ dín kù láàárín, ó sì pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká. Wọ́n ní pípa bájà kò lè ṣe ohun tó nítumọ̀ láti mú ikọ́ màlúù kúrò nílẹ̀ wọn.

Kí ló fà á? Mo ti sọ fún yín pé ìdílé bájà kọ̀ọ̀kan ní ààlà, wọn kì í ré e kọjá. Nígbà tí ìbọn bá pa bàbá àti ìyá, èyí tó kù kò ní ẹni tí yóò bá ṣọ́ ààlà mọ́. Á ṣí lọ. Ti ẹ̀gbẹ́ á wọlé wá. Wọn á pàdé, wọn á jà, wọn á géra wọn jẹ, aláìsàn á kó o ran onílera. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá yìnbọn tú ọjà ká nítorí olè kan ṣoṣo: olè náà á bá àwọn tó ń sá lọ dé ilé gbogbo wọn. Táíwò, o ò gbà? Èmi náà kò gbà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ni pé kí a pa aláìsàn, kí àìsàn lè tán. Mo ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù àǹtí yín.

Ẹ má ka àwọn àgbẹ̀ wọn sí ìkà, mo bẹ̀ yín. Mo bá ọ̀kan pàdé ní abúlé kan nítòsí Gloucester. Wọ́n máa ń gún màlúù ní abẹ́rẹ́ méjì lọ́rùn, ní ọjọ́ kẹta wọ́n á padà wá fi irin kékeré kan wọn bí ibẹ̀ ṣe wú sí. Èyí tó bá wú ju bó ṣe yẹ, pípa ni. Bàbá náà ní ọjọ́ kẹta yẹn kò sí ẹni tó ń jẹun nílé òun. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n pa lóyún, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó bí. Ó sọ fún mi bí ọmọ náà ṣe ń ta nínú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá ti kú. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ju 20,000 màlúù ni wọ́n ń pa báyìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan lọ́pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ti rí ìyẹn, tí ẹnì kan wá sọ fún un pé ẹranko igbó kan ló fà á, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Mo fọwọ́ lé e léjìká, a jọ dúró.

Ìjọba ibẹ̀ máa ń san owó màlúù tí wọ́n bá pa. Ní tiwa, ìgbà tí mo rí irú rẹ̀ ni ọdún 2006, nígbà tí àìsàn adìyẹ wọ Áfíríkà láti oko kan ní Jájì ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ìjọba san 250 náírà lórí adìyẹ kan. Ti màlúù oníkọ́, kò sẹ́ni tó san nǹkan kan fún alápatà mi.

Ìyanu mìíràn rèé. Ní Wales, ní abúlé Llanpumsaint, ilé ẹ̀sìn Híńdù kan wà tí wọ́n ń pè ní Skanda Vale. Wọ́n ní akọ màlúù dúdú kan tó ń jẹ́ Shambo, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Kẹrin 2007, ó yege nínú ohun tí kò yẹ kó yege: abẹ́rẹ́ fi hàn pé ó ní ikọ́ ife. Ìjọba Wales ní kí wọ́n mú un wá. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ohun mímọ́ ni màlúù lẹ́sìn àwọn, àwọn yóò yà á sọ́tọ̀, àwọn yóò tọ́jú rẹ̀, kò ní dé àárín màlúù mìíràn títí ayé. Wọ́n gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ gíga, adájọ́ dá wọn láre ní ọjọ́ 16 oṣù Keje. Ìjọba lọ sílé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìyẹn dá ìjọba láre ní ọjọ́ 23. Ní ọjọ́ 26, ọlọ́pàá dé. Àwọn olùjọsìn ti jókòó yí Shambo ká, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n fi òdòdó sí i lọ́rùn. Wákàtí mélòó kan kọjá kí ọkọ̀ tó gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n là á, wọ́n bá àpẹẹrẹ ikọ́ náà nínú rẹ̀.

Ẹ ń wò mí, ẹ fẹ́ mọ ẹni tí mo gbè. Èmi wolé-wolé ì bá fọwọ́ sí i pé kí wọ́n pa á, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n tí mo bá rántí alápatà tó gbé fùkù sá níwájú mi, mo máa ń ronú pé àwọn tó lè fi oṣù mẹ́ta bẹ̀bẹ̀ fún màlúù kan, wọn kò ní tà á ní ìdajì owó fún aládùúgbò tí kò mọ̀. Ìyẹn ló ń bá mi sùn.

Ìkòkò ti ń kùn, Màlámù. Fẹ́ iná náà díẹ̀ sí i.

Táíwò, ká apá òsì aṣọ rẹ sókè. Ẹ rí àpá kékeré yìí, bí ẹni fi ìka tẹ amọ̀? Kẹ́hìndé ní tirẹ̀, Màlámù ní tirẹ̀, èmi náà ní in. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife ni, èyí tí wọ́n ń gún ọmọ tuntun. Ara màlúù ló ti wá. Àwọn ará Faransé méjì, Calmette àti Guérin, ló mú kòkòrò ikọ́ màlúù ní ìlú Lille ní 1908, wọ́n ń gbìn ín sórí pòtétò tí wọ́n fi òróòro màlúù sè. Bó bá ti hù tán, wọ́n á tún un gbìn sórí òmíràn. Ìgbà 230 ni wọ́n tún un gbìn, ọdún 13 gbáko. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú wọn, wọn kò dáwọ́ dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni oró kòkòrò náà ń kúrò lára rẹ̀ títí kò fi lè pa ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 1921 wọ́n fún ọmọ tuntun kan nínú rẹ̀ ní Paris.

Abẹ́rẹ́ yìí kan náà ni wọ́n wá ń gún bájà. Láti 2010 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí i. Wọ́n á gbé kéèjì onírin sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀pà sínú rẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ wọ́n á gún un, wọ́n á fi ọ̀dà sàmì sí i lára, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, á sáré lọ. Wales, tó ti fẹ́ pa bájà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, yí ọkàn padà ní 2012, ó mú abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún 2015 ń parí lọ, abẹ́rẹ́ náà wọ́n lágbàáyé, Wales sì dá ti bájà dúró kó lè ṣẹ́ kù fún ọmọ èèyàn. Ọdún yẹn náà la bí ẹ̀yin méjèèjì. Mo gbé yín lọ sí ọsibítù fún abẹ́rẹ́ náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún mi, ọ̀kan lápá òsì mi, ẹ sì pariwo títí a fi délé.

Àwọn tó ń yìnbọn kò dúró o. Láti 2013, bájà tí wọ́n pa ti ju 200,000 lọ. Ní 2018, Charles Godfray àti ìgbìmọ̀ rẹ̀ wò ó látòkèdélẹ̀. Wọ́n ní òótọ́ ni pé bájà ń kó o ran màlúù, ṣùgbọ́n màlúù fúnra wọn ló ń kó o ranra jù: nínú ilé kan náà, lọ́jà, nínú ọkọ̀ tó ń kó wọn láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ní ojú tí gbogbo èèyàn tẹ̀ mọ́ bájà kò jẹ́ kí wọ́n rí èyí. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2024, ìjọba tuntun ní òun máa fòpin sí pípa náà kí 2029 tó parí. Ìyá àdúgbò wa ṣì wà láyé. Ó rán iṣẹ́ sí àǹtí yín pé ẹsẹ̀ ń dun òun, òun kò rìn lóru mọ́, ṣùgbọ́n òun fi ẹ̀wù náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Kí lo wí, Kẹ́hìndé? Bájà tiwa dà? Kò sí irú rẹ̀ níbí, ọmọ mi. Ikọ́ màlúù wà, bájà kò sí. Ní 2009, àwọn onímọ̀ fi àwọn kòkòrò ìlú mẹ́rin wéra, Nàìjíríà, Cameroon, Chad àti Mali, wọ́n rí i pé ìdílé kan náà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ibi tí màlúù rìn dé ni kòkòrò rìn dé. Ẹ gbọ́ bí pátákò wọn ṣe ń dún níwájú géètì ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀, odò ẹran Kàrú tàbí ti Deidei ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ. Màlámù, àbúrò rẹ kò mọ èyí tó ń wúkọ́ nínú tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó bá a gún un lọ́rùn wò rí. N kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sí oko rẹ̀ wá pa màlúù kan láìsanwó. Èmi fúnra mi ni màá dúró lójú ọ̀nà.

Àwọn Fúlàní tó ń ta wàrà ní ọjà wa nílé, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á fún omi ewé bọmubọmu sí i, á dì. Iná ti kọjá lórí rẹ̀. Nónò kò rí bẹ́ẹ̀, kíkan ló kan. Ìyàwó Màlámù mọ ìyàtọ̀ yìí ju dókítà lọ, mo ti bá a sọ ọ́.

Ó ń ru! Màlámù, gbé e, gbé e, ó ń ru! Fi aṣọ mú etí ìkòkò, má jó ara rẹ. Fi í sílẹ̀ níbẹ̀ kó rọ díẹ̀. Táíwò, mú ife wá. Mú ti Màlámù náà wá, kí ẹ sì kọ́kọ́ bu tirẹ̀ fún un.